Máàkì Maren àti Apá Orrin

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ọkọ mi ti sú mi. Mo ti sọ ọ́ lójú wọn, kì í ṣe ẹ̀yìn wọn ni mo ti ń sọ ọ́. Èèyàn rere ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Bí ọkọ̀ rẹ bá rì sínú yìnyín, wọ́n á gbé katakata wá fà á jáde, wọn ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ, bí o bá sì dúpẹ́ jù, wọ́n á sá lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n la ẹnu kí wọ́n sọ pé nǹkan dun àwọn, tàbí pé nǹkan wu àwọn, ìyẹn ni wọn ò lè ṣe.

Níbi tí wọ́n ti bí mi ní New Jersey, bí èékánná bá ya mọ́ ẹnì kan lára, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́, ẹni méjì á sì gbé oúnjẹ wá. Ní Elvestad níhìn-ín, ní ìwọ̀-oòrùn Minnesota, ìjì lè gbé òrùlé lọ, kí o bi onílé pé báwo ni, kó ní, "Kò burú jù." Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti fẹ́ Verlyn Tveit, mo ṣì ń retí ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn máa sọ pé ọbẹ̀ mi dùn. Verlyn alára, bó bá jẹ àwo mẹ́ta tán, á ní, "Ó ṣeé jẹ."

Mo lè fara da èyí tó kan ọbẹ̀. Èyí tó kan Maren ni mi ò lè fara dà.

Ọmọbìnrin ni Maren, òun nìkan ṣoṣo ni Orrin bí, Orrin sì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyá Maren ti kọ Orrin sílẹ̀ tipẹ́, ó ń gbé ní Arizona níbi tí oòrùn wà, mi ò dá a lẹ́bi. Láti kékeré ni Maren ti ń sọ pé lọ́yà lòun máa ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wọn ló ṣe ń sọ ọ́: "Ó ṣeé ṣe kí n gbìyànjú rẹ̀ wò." Orí rẹ̀ pé. Àmọ́ kí iléèwé òfin tó gba èèyàn, máàkì tó fi gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ máa wò, máàkì Maren sì kéré. Nínú mẹ́rin, kò ju méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé irú máàkì bẹ́ẹ̀ wá, ìwé rẹ̀ kì í pẹ́ lórí tábìlì wọn.

Kí ló fà á? Ní ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń di koríko fa apá ọ̀tún Orrin wọlé, kò sì dá a padà. Ọgọ́ta màlúù ló wà nílẹ̀, màlúù ò sì mọ̀ pé apá ẹni tó ni wọ́n ti gé. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ fún wàrà wọn, ì báà jẹ́ ọjọ́ Kérésì, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Àwọn aládùúgbò ran Orrin lọ́wọ́ títí wọ́n fi kórè tán, lẹ́yìn náà kálukú padà sídìí màlúù tirẹ̀. Ni Maren bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó padà wálé. Á fún wàrà kílẹ̀ tó mọ́, á wa ọkọ̀ fún wákàtí kan lọ síléèwé, á sùn ní kíláàsì, á tún wa ọkọ̀ padà wá fún wàrà. Ọdún méjì ló fi ṣe é. Ó fìdí rẹmi nínú kẹ́místírì, ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, èyí tí kò sì ti fìdí rẹmi, díẹ̀ ló kù. Nígbà tí Orrin wá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan so ẹ̀rọ ìfúnwàrà mọ́ ọmú màlúù, tó sì gba òṣìṣẹ́ kan, Maren padà sídìí ìwé rẹ̀, kò sì gba máàkì burúkú kan mọ́ títí ó fi jáde. Ìdánwò àbáwọlé iléèwé òfin, nínú yàrá tí wọ́n ń tọ́jú wàrà sí ló ti kàwé fún un, ó sì gbé e débi tí àwọn ọmọ olówó tó gba olùkọ́ àdáni ò gbé e dé.

Àwọn iléèwé náà fúnra wọn ò burú. Wọ́n ní bí máàkì rẹ ò bá dára, kí o mú ojú ìwé kan, kí o ṣàlàyé ohun tó fà á. Ojú ìwé kan gbáko. Maren kọ tirẹ̀, ó gbé e wá fún mi ní ọ́fíìsì lọ́yà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́ kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ nìyí:

"Máàkì mi ní ọdún kejì àti ìkẹta kò dára tó. Ọwọ́ wa dí díẹ̀ nílé lásìkò náà. Ó ti sàn báyìí."

Mo kà á. Mo yí ìwé náà padà, bóyá ìyókù wà lẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn.

"Ọwọ́ yín dí díẹ̀," mo ní. "Maren, ṣé ọwọ́ yín dí ni, àbí ọwọ́ bàbá rẹ gé?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Àǹtí Marcella, ẹ má bínú. Mo kàn rò pé kò yẹ kí n máa ṣàròyé."

"Ta ló ní kí o ṣàròyé? Wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè. Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè, ó ń dáhùn ni."

"Àwọn míì ní ìṣòro tó ju tèmi lọ."

"Àwọn wo?"

Ó ronú. "Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ilé wọn jó."

"Ṣé òun náà fẹ́ lọ kọ́ òfin?"

"Rárá o. Ó ń tún fìríìjì ṣe ní Fargo."

"Kí ló wá pa wá pọ̀ mọ́ onífìríìjì?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ba ojú jẹ́. Ó ní, "Àti pé Dádì ò ní fẹ́ ẹ. Kí àwọn tí wọn ò mọ̀ wọ́n jókòó ní ìlú ńlá, kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ apá wọn. Wọ́n á ní èmi àti Dádì ń tọrọ àánú."

Mo sọ fún un pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé làwọn èèyàn yẹn máa kà, pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, wọn ò lè mọ èyí tí inú ń run. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí." Ó mú ìwé náà lọ, ó sì gbé e padà wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ti yọ "díẹ̀" kúrò. Ó rò pé òun ti gbìyànjú.

Bí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bá fi parí, iléèwé tó wù ú jù ò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Ọ̀gbẹ́ni Alden Kvam ni lọ́yà kan ṣoṣo tó kù ní àgbègbè wa, èmi sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Bó bá kú lónìí, ẹni tó fẹ́ ṣe ìwé ìhágún ní Elvestad á wa ọkọ̀ lọ dé ibi tí epo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àtìgbà tí Maren ti jáde yunifásítì ló ti ń bá wa ṣiṣẹ́, tábìlì kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má gbé àga ibẹ̀. Kò sọ ìdí. Gbogbo wa mọ ìdí.

Iléèwé náà fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá ní kí n wá tẹ̀ ẹ́, òun á máa pè é. Mo jókòó, mo na ìka mi dáadáa. Ó wo òde títí, ó wá ní:

"Mo ti mọ Maren Tveit láti kékeré. Ó máa ń tètè dé. Mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí rẹ̀. Mo lérò pé ó máa ṣe é."

Mo ṣì na ìka mi. 

"Ìyókù ńkọ́, sà?"

"Ìyókù kí ni?"

"Ẹ sọ pé ó gbọ́n."

"Mo ti sọ pé mi ò ní ẹ̀sùn."

"Ẹ sọ pé nígbà tí ẹ wà lórí ibùsùn àìsàn lọ́dún tó kọjá, òun ló ń ka ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ Lindahl fún yín lálaalẹ́ títí ẹjọ́ fi parí."

"Wọ́n á ní mo ń fọ́nnu."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń yìn, òun ni."

"Ọ̀kan náà ni," ni Ọ̀gbẹ́ni Kvam wí. "Ọmọ wa ni."

Ẹ bá mi wò ó. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó padà wá jókòó sórí àga yẹn, lẹ́tà yìí sì ni yóò gbé e jù sínú pàǹtí." Inú rẹ̀ ò dùn. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ronú lé e lórí títí kọfí rẹ̀ fi tutù, ó wá mú bírò, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. "Mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí rẹ̀ *rárá*." Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí wọ́n bá níhòòhò. Ó gbé ìwé náà fún mi láìwò mí, ó sì lọ jókòó sínú yàrá rẹ̀.

Ẹ má bi mí ohun tí mo ṣe nígbà tó lọ. Ẹ bi mí, mo máa sọ. Mo tẹ lẹ́tà mìíràn. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti bí mi: pé ọmọ náà gbọ́n, pé ó lákínkanjú, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ á kábàámọ̀. Ó dùn bí oyin. Ohun tí mo bá gbé síwájú Ọ̀gbẹ́ni Kvam, ó ń fọwọ́ sí i ni, kì í kà á. Ṣùgbọ́n ìdí tí kì í fi í kà á ni pé èmi ni mo gbé e wá. Mo wo lẹ́tà náà, inú bí mi sí i, mo wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, inú tún bí mi sí ìyẹn. Mo fa oyin náà ya. Tirẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a lọ jẹun nílé Orrin. Verlyn wà nílé lọ́sẹ̀ náà. Maren ló dáná: ẹran lílọ̀ àti ọbẹ̀ olú inú agolo, pẹ̀lú ànàmọ́ tí wọ́n tò sórí rẹ̀ tí wọ́n sì yan nínú ààrò. Wọ́n sọ̀rọ̀ òtútù. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹ̀yìn ìyẹn, Maren gbé kéèkì pẹlẹbẹ onílẹ́mọ́ọ̀nù wá, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, a sì jẹ ẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kan.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ yìí ti mọ ohun tó kù. Kò sí Tveit kan láyé yìí tó máa jẹ èyí tó kẹ́yìn. Verlyn mú ọ̀bẹ, ó gé e sí méjì, ó mú ìdajì. Orrin gé ìdajì tó kù sí méjì. Maren gé ìdá mẹ́rin yẹn sí méjì, ó mú èyí tó kéré. Ohun tó kù nínú àwo kò tó èyí tí eku máa gbé, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tì í sọ́dọ̀ ara wọn pé, "Mú un," "Rárá, mo ti yó," "Ìwọ ni kó mú un."

Mo ń wò wọ́n. Mo rí i pé bí ọmọ yìí ṣe máa pàdánù iléèwé òfin nìyẹn. Wọ́n ti gbé àyè kan síwájú rẹ̀, ó sì ń gé e sí méjì fún onífìríìjì Fargo.

Mo ní, "Orrin, apá rẹ dà?"

 Láti ìgbà tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ti dárúkọ apá yẹn nídìí tábìlì náà rí.

Orrin wo apá ẹ̀wù rẹ̀ tí wọ́n fi pín-ìn-nì kó sókè. Ó ní, "Ó ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀ bí òtútù bá mú."

"Kò lè yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti gé e lọ, ọmọ rẹ ló sì fi máàkì rẹ̀ dí i. Ó fún wàrà màlúù rẹ títí gbogbo ìwé rẹ̀ fi bàjẹ́, wọ́n wá ní kó sọ ohun tó fà á, ó ní ọwọ́ dí. Àwọn tó máa kà á á ní ọ̀lẹ ni, ọmutí ni, ó ń jó kiri lálẹ́. Wọ́n á gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò ní bínú o, á padà wá, á ní kò burú jù, á sì máa tẹ ìwé ní ọ́fíìsì Kvam títí Kvam fi máa kú, lẹ́yìn náà wọ́n á ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìdílé yìí, bí wọ́n bá ń tu ìyẹ́ yín, ẹ á tún ní ara yín ò gbóná."

Mo mú èérún tó kù nínú àwo, mo gbé e sínú àwo Maren. Mo ní, "Jẹ ẹ́." Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Kò jẹ ẹ́.

Verlyn gbé ìkòkò kọfí. "Ṣé ẹnikẹ́ni fẹ́ kọfí sí i?"

"Wọ́n ní òtútù máa pọ̀ lọ́la," ni Orrin wí.

Mo dìde, mo mú kóòtù mi. Níbí, bí èèyàn bá ní òun ń lọ, ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ á fi ro ó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa dágbére, wọ́n á bá a dé ìdí ọkọ̀. Mo jáde láìdágbére. Verlyn bá mi nínú ọkọ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Nígbà tí a fẹ́ dé ilé, ó ní, "Ó gbóná díẹ̀ lónìí." Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ tàbí ààrò. Mo sunkún díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, bí o bá pariwo mọ́ wọn, ńṣe ni wọ́n ń rọra ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń tẹ ìwé lọ́wọ́ ni Orrin wọ ọ́fíìsì. Kò wọ ibẹ̀ rí. Bàtà ilé màlúù ló wọ̀, ó sì dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀ má baà dọ̀tí. Ó ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀nà ń yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Mo ní mo gbọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ òun ò burú. Mo ní ó dára.

"Mo gbọ́ pé wọ́n fún un ní ojú ìwé kan," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé dandan ni kó jẹ́ òun ló máa kọ ọ́?"

Ó fa bébà kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni Orrin fi ń kọ̀wé láti kékeré. Láti ìgbà tí ọwọ́ náà ti lọ, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń fi ti òsì kọ, ìyẹn náà ní báńkì. Àwọn lẹ́tà inú bébà náà tóbi, wọ́n wọ́, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ABD. Ó ti tẹ bírò náà wọlẹ̀ débi pé ó lu bébà níbì kan.

"Èmi ni bàbá Maren. Ẹ̀rọ gé apá mi ní ọdún kejì rẹ̀ ní yunifásítì. Mo ní kó má padà wálé. Ó padà wá. Òun ló ń fún wàrà màlúù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọdún méjì. Kò sọ fún mi pé òun ń fìdí rẹmi. Mi ò sì bi í. Àwọn máàkì tó burú yẹn, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ wọ́n sí mi lọ́rùn. Orrin Tveit."

 Mo fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ kí n lè ní ohun tí mo ń ṣe. "Jẹ́ kí n bá ọ tẹ̀ ẹ́ kó mọ́."

"Má tẹ̀ ẹ́," ni Orrin wí. "Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán." Ó tún sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ó lọ.

Maren dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Orí ìdúró ló ti ka bébà náà, kò tíì bọ́ kóòtù. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. "Dádì ló kọ èyí?" ó ní, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀. Ó jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé, ó fa ojú ìwé tirẹ̀ yọ, ó fi ìlà pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ó wá kọ èyí:

"Òótọ́ ni gbogbo ohun tí bàbá mi kọ, àyàfi ibì kan. Èmi ni mo ni àwọn máàkì náà. Mo yàn láti padà wálé, bí ọ̀rọ̀ náà bá tún wáyé, màá tún padà. Mo kàn máa sọ fún àwọn olùkọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí."

Ó wò mí. "Ṣé ó ti pọ̀ jù, Àǹtí?"

Mo fẹ́ bú u, mi ò rí ohun tí mo máa fi bú u. Mo ní kò pọ̀ jù. Mo fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ bébà Orrin, pẹ̀lú ihò tó wà lára rẹ̀, a sì fi méjèèjì ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, a dúró. Yìnyín tún bọ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ iléèwé nílé Orrin, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ohun tí mo ṣe. Wọ́n kàn ń rọra bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ajá tó ti bu èèyàn jẹ rí sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́ pé lẹ́tà "mi ò ní ẹ̀sùn" yẹn á pa ọmọ náà lára.

Ní ọjọ́ kan, fóònù Ọ̀gbẹ́ni Kvam dún. Etí bàbá ti wúwo, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí fóònù pariwo síta, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí tábìlì mi. Obìnrin kan láti iléèwé náà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "lẹ́tà yín ò yé wa. Àwọn yòókù kọ ojú ìwé méjì méjì. Ṣé ẹ fẹ́ ká gba ọmọ yìí ni, àbí ẹ ń fọgbọ́n sọ fún wa pé ká má gbà á?"

"Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Kvam wí.

"Ẹ kọ pé ẹ ò ní ẹ̀sùn kankan lórí rẹ̀."

"Mi ò kọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ pé mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí rẹ̀ rárá."

 Ọ̀gbẹ́ni Kvam gbà pé òun ti parí ọ̀rọ̀ tòun. Mo sáré wọ yàrá rẹ̀, mo sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màdáàmù," mo ní, "Marcella Tveit lorúkọ mi, èmi ni akọ̀wé wọn. Ṣé ará New Jersey ni yín?"

"Newark. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, mo ti mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ará ibí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ògbufọ̀ fún yín. Bàbá tó kọ lẹ́tà yẹn sin ìyàwó tó fẹ́ fún àádọ́ta ọdún, ohun tó ní kí wọ́n kọ sórí òkúta rẹ̀ ni 'Ìyàwó dáadáa'. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ti pọ̀ jù."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Kvam wí láti ẹ̀yìn mi.

"Mi ò rí i kó sọ 'rárá' nípa ẹnikẹ́ni rí. Àdàkọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ láti ogún ọdún wà lọ́wọ́ mi níbí, ẹ wá wò wọ́n. Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ti fi pamọ́ fún ọmọ yìí, kò sì jẹ́ kí n gbé ìwé lé e. Ìyẹn ni lẹ́tà náà sọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ bó ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀. Mo bi í bóyá ti bàbá Maren náà fẹ́ ògbufọ̀.

"Rárá o," ó ní, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ìyẹn yé wa. Gbogbo wa la kà á nídìí tábìlì."

Mo dá fóònù padà. Ọ̀gbẹ́ni Kvam ń wo òde. Ó ní, "O máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, Marcella." Ó mu kọfí rẹ̀. "Bá mi nu tábìlì yẹn. Eruku ti wà lórí rẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Friday kan, bí yìnyín ṣe ń yọ́ lórí òrùlé, Maren wọlé, ó ní wọ́n ti kọ̀wé sí òun. Mo ní kí ni wọ́n sọ. Ó ní, "Wọ́n ní kí n máa bọ̀." Mo kígbe débi pé àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí wa jáde síta. Mo gbá a mọ́ra, mo ń fì í síwá sẹ́yìn, ó sì dúró gbọnin bí òpó títí ó fi gbé ọwọ́ sókè, ó fi gbá ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan. "Kò burú," ó ní. Ṣùgbọ́n ó tún gbá ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, a tún jókòó nídìí tábìlì Orrin. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n máa gbin àgbàdo. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbìyànjú. Kéèkì onílẹ́mọ́ọ̀nù tún wà níbẹ̀, a jẹ ẹ́ títí ó fi ku ẹyọ kan. Verlyn na ọwọ́ sí ọ̀bẹ.

Orrin gbé ọ̀bẹ náà kúrò. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ mú kéèkì náà lódindi, ó gbé e kọjá iwájú Verlyn, ó kọjá iwájú Maren, ó gbé e sínú àwo tèmi. Kò wò mí. Àwo náà ló ń wò.

"Marcella," ó ní, "mi ò ní ẹ̀sùn kankan lórí rẹ rárá."

Ọkọ mi dá ṣíbí rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Èmi tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ wọn fún ohun tó lé ní ogún ọdún, tí mo ti mọ gbogbo ohun tí mo máa fi fèsì, mo wá a nínú ọ̀fun mi, mi ò rí i. Mo jẹ kéèkì náà tán. Mi ò gé e sí méjì fún ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Kò burú."